Ohun Tí Ládépọ̀ Hú Nídìí Pèrègún

Ládépọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Àlàbá, ó pa rédíò tó ń tún ṣe, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bá mi fi nǹkan kan bò. Bó ṣe rí ni kí ẹ kọ ọ́."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sọ ìtàn ara wọn fún mi fún ojú ìwé yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì máa ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù: ọ̀rẹ́ burúkú, àna, èṣù. Ládépọ̀ kò wá ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí ná.

Rédíò àti áńpù ni Ládépọ̀ Owólabí ń tún ṣe. Òun àti Mojí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìbà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n já kọ́ńténà ẹrù tokunbọ̀ sí ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn. Láàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì ni ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀: ọ̀pá gígùn kan tó ní àwo pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, tó sì ní àpótí kékeré lọ́rùn. Ẹnì kan ní ohun ìnulẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní nǹkan àwọn dókítà ni. Ládépọ̀ rà á lówó pọ́ọ́kú, ó tú u, ó tún àwọn wáyà rẹ̀ so, ó ki bátìrì bọ̀ ọ́. Bó ṣe gbé àwo náà kọjá lórí òòlù tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ náà ké "tííín!"

Ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ni. Ládépọ̀ wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń gbé irú rẹ̀ kiri inú oko, tí wọ́n ń hú owó àtijọ́ jáde. Ó sọ fún Mojí pé, "Ṣé ilẹ̀ tiwọn nìkan ni owó ń bọ́ sí ni? Ilẹ̀ Ìbà náà kúkú ti pẹ́."

Oko díẹ̀ ló kù ní Ìbà tí ilé kò tíì gbà tán. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Ìyá Àwẹ̀ró, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí àbàtà. Ọmọ bíbí ìlú ni ìyá náà, ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ ló ń gbìn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, Nàfísàt ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń lọ sí yunifásítì, ló máa ń ka ohunkóhun tó bá fẹ́ kà fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà ṣì mọ ewé yàtọ̀ sí èpò láìwò ó rárá.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀pá yìí ṣe nínú oko mi?" ìyá náà bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Màmá, owó àtijọ́ ni mo fẹ́ fi wá. Mi ò ní tẹ ẹ̀fọ́ yín mọ́lẹ̀."

"Ó ń gbóòórùn owó?"

"Irin ni, Màmá. Tó bá ti rí i, á ké."

Ìyá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Ajá ni nígbà yẹn. Ó dáa, mú ajá ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ohunkóhun tó o bá rí, mú un wá kí ọwọ́ mi kàn án kó o tó máa lọ. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Mo kàn fẹ́ mọ nǹkan tó ń jáde nínú ilẹ̀ bàbá mi ni."

"Mo gbọ́, Màmá. Èkejì ńkọ́?"

Ó fi àgbọ̀n júwe igi pèrègún kan tó dá dúró ní eteetí oko. "Má dé ìdí pèrègún yẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

"Nǹkan tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan," ìyá náà ní, ó sì padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ládépọ̀ sọ fún mi pé ká ní ìyá náà ò sọ ìyẹn ni, òun ì bá má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo ní kó má bẹ̀rẹ̀.

Fún bí oṣù mẹ́ta, nǹkan ń lọ déédéé. Lọ́jọ́ Sátidé, Ládépọ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá láàárín àwọn ebè, á sì mú ohun tó bá rí lọ síwájú Ìyá Àwẹ̀ró. Kọ́bọ̀ oníhò, bọ́tìnì aṣọ ṣọ́jà, ojú ọkọ́ tó ti dípẹtà. Ìyá náà á gbà á, á fi àtàǹpàkò pa á lára, á sì sọ ìtàn lé e lórí.

Lọ́jọ́ kan, ṣílè ni ó rí.

"Orí ta ló wà lára ẹ̀?" ìyá náà bi í.

"Ti Ọbabìnrin ni, Màmá."

Ìyá náà yí i po láàárín ìka. "Wọ́n ti lu ihò sí i. Wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé níbí. Ìyá kan ló fi kọ́ ọmọ ẹ̀ lọ́rùn." Ó mú un dání fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ náà á ti di àgbàlagbà báyìí. Máa mú un lọ, ọmọ mi."

Ọmọ mi ni ó ń pè é nígbà yẹn. Kò sì jẹ́ kó lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo rí, á ká ẹ̀fọ́ fún un kó gbé e lọ fún Mojí. Ládépọ̀ ju ṣílè náà sínú agolo tó ń kó àwọn yòókù sí, kò sì rò ó mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà kàn ké nídìí pèrègún. Ládépọ̀ sọ fún mi pé òun kọ́ lòun gbé e débẹ̀, ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Mo bi í pé inú oṣù wo ni. Ó ní oṣù kìíní ọdún. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Igbe ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ó ki, ó sì gùn. Ládépọ̀ yára gbé e kúrò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ.

Ọkùnrin kan wà lórí Fesibúùkù tó máa ń ra ohun àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ràn ṣílè. Ó máa ń kọ̀wé sí i pé, "Ṣé o ò lè rí idẹ? Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn baba ńlá wa? Ìyẹn ni owó wà nínú ẹ̀." Ní oṣù kan náà, onílé wọn fi kún owó ilé, ó sì ní kí ẹni tí kò bá lè san án kó ẹrù rẹ̀. Mojí kàn ń rán aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Síbẹ̀, Ládépọ̀ mú ara dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni Nàfísàt fẹ́ mú ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ojú rẹ̀. Ẹ wò ó, ta ni Ìyá Àwẹ̀ró fi oko lé lọ́wọ́? Ládépọ̀ ni. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi fojú sí oko títí a ó fi dé. Àwọn ewúrẹ́ yẹn ò gbádùn."

Ọ̀sán gangan ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ládépọ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ fún wákàtí kan, ó lé ewúrẹ́ méjì jáde, ó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ọkọ́ ìyá náà fúnra rẹ̀, ó gbẹ́ ìdí pèrègún.

Kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Ìkòkò irin kékeré kan ni, ó ní ìdérí. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ méjì wà, idẹ pọ́nńbélé, tí wọ́n fi aṣọ wé, aṣọ náà sì fọ́ bó ṣe fọwọ́ kàn án. Wọ́n ya ẹja mẹ́ta sára ọ̀kan. Èkejì lọ́ bí okùn. Ṣílè méje ló wà lábẹ́ wọn.

Ó ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà nínú ihò, pẹ̀lú ìdí pèrègún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé: "Mò ń bọ̀."

Ìyànà Ìbà ni wọ́n ti pàdé. Ọkùnrin náà gbé ìkòkò àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú mọ́tò, owó tó san sì tó owó ilé ọdún kan. Kí ó tó di aago mẹ́rin, Ládépọ̀ ti dí ihò náà padà, ó ti kó ewé gbígbẹ lé e.

Ìyá Àwẹ̀ró dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ewúrẹ́ ni, mo ti lé wọn."

"Ajá ẹ ò rí nǹkan kan lónìí?"

"Kò rí nǹkan kan, Màmá."

Ìyá náà táràrà débi ebè, ó ká ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ tó kún ọwọ́ méjèèjì fún un pé ó ṣeun, ó bá òun ṣọ́ oko. Mojí sè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Ládépọ̀ jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn, ó sì ní ìyẹn ló ń dun òun jù títí di òní.

Ó sọ fún Mojí pé òun tún áńpù ńlá kan ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì ni, ni wọ́n bá san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Mojí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Oṣù méjì kọjá. Lọ́jọ́ Wẹsidé kan, Ìyá Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wọn.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ ti dé fún ajá ẹ."

Ládépọ̀ gbé àga fún un. Mojí gbé omi wá.

"Sàlámì ni," ìyá náà bẹ̀rẹ̀. "Alhaji Sàlámì, ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá tèmi pààlà. Ó fẹ́ ta tiẹ̀. Awọnlẹ̀ tí oníbàárà ẹ̀ mú wá ti na okùn wọ inú oko mi, ó gba kànga lọ, ó gba àwọn ebè ìsàlẹ̀ tí kì í gbẹ. Nǹkan tí mo fi ń jẹun nìyẹn o. Mo ní pèrègún ni ààlà. Sàlámì ní pèrègún tí ẹnikẹ́ni lè gé gbìn síbòmíràn, ṣé ìyẹn ni òun fẹ́ gbà gbọ́?"

"Kí lẹ wá sọ, Màmá?" Mojí ló béèrè.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ní bàbá mi àti bàbá tiẹ̀ ti mọ̀ pé irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, mo wà níbẹ̀. Olúkúlùkù wọn bọ́ ẹ̀gbà kan lọ́wọ́, wọ́n kó o sínú ìkòkò, wọ́n rì í mọ́ ìdí pèrègún. Ẹ̀rí ni. Àwọn àgbà ti gbà pé ká gbẹ́ ẹ ní Sátidé. Ládépọ̀, ìwọ ni kó o fi ajá ẹ júwe ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé èmi ni mo yan ibi tó wù mí."

Ládépọ̀ ní òun kàn gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ pé, "Kò burú, Màmá."

Bí ìyá náà ṣe lọ tán, ó pe ọkùnrin tó ra ẹrù náà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra àwọn ẹ̀gbà yẹn padà."

"Ah, bọ̀dá, ìyẹn ti rìn jìnnà o," ọkùnrin náà dáhùn. "Ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú." Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀nà kan ṣì wà níbẹ̀. Ó lè lọ bá ìyá náà ní ọjọ́ Wẹsidé yẹn kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ló tọ̀. Ó ra ìkòkò irin àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó irin ní Okokomaiko, ó mú ṣílè mẹ́ta tó kù nínú agolo rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, lójú tirẹ̀ ṣílè ni ṣílè. Lọ́sàn-án Fúráìdé, nígbà tí ìyá náà wọlé lọ kírun, ó rì í mọ́ ìdí pèrègún. Ó rò pé ìkòkò àti ṣílè á tó láìsí ẹ̀gbà. Ó ní òun ń ran ìyá náà lọ́wọ́ ni. Ó ní òun tiẹ̀ ń rò ó bí ìrànlọ́wọ́ gan-an.

Sátidé dé. Àwọn àgbà àdúgbò jókòó sórí àga tí wọ́n yá, Bàbá Ọlájídé ló ṣe olórí wọn. Alhaji Sàlámì àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lápá kan. Àwọn ará àdúgbò yí oko ká.

"Àwẹ̀ró," Bàbá Ọlájídé ní, "kí a tó gbẹ́ ẹ, sọ ohun tí yóò jáde."

Ìyá náà dìde. Ohùn rẹ̀ dún ketekete. "Ìkòkò irin kan. Ẹ̀gbà idẹ méjì. Ti bàbá mi ní ẹja mẹ́ta lára. Ti bàbá Sàlámì lọ́ bí okùn. Ṣílè méje. Tí ẹ ò bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí ní òpùrọ́."

Ládépọ̀ gbé ẹ̀rọ dání. Nídìí pèrègún, ẹ̀rọ náà ké, àwọn ènìyàn hó yèè, Nàfísàt sì dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gbẹ́ ilẹ̀.

Alhaji Sàlámì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. "Ilẹ̀ yìí rọ̀ jù. Ẹnì kan ti gbẹ́ ẹ láìpẹ́."

Ìkòkò jáde. Wọ́n ṣí i.

"Ẹ̀gbà dà?" Bàbá Ọlájídé béèrè.

Kò sí ẹ̀gbà. Ṣílè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn fún Nàfísàt pé kó ka ọdún tó wà lára wọn, nítorí ojú rẹ̀ ló mọ́ jù. Ó ka 1947. Ó ka 1949. Ó wo ẹ̀kẹta, ó sì pa ẹnu dé.

"Kà á sókè, ọmọ mi," Bàbá Ọlájídé ní.

"1959, sà."

"Àwẹ̀ró, ọdún wo ni bàbá rẹ kú?"

Alhaji Sàlámì ló bá a dáhùn. "Ọdún 1956. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣé òkú ló wá rì í mọ́lẹ̀ ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láàárín èrò pariwo, "Ìyá àgbà, ẹ ò bá fi ti ọdún tó kọjá síbẹ̀!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Mú un fún mi," ìyá náà ní.

Nàfísàt kó ṣílè náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa ọ̀kan lára, ó fi sílẹ̀. Ó pa èkejì lára. Ó mú ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé, níbi tí ihò wà.

Ládépọ̀ ní ìgbà yẹn gan-an lòun tó rántí.

Ìyá Àwẹ̀ró gbé ojú rẹ̀ sókè, ó wá apá ibi tí Ládépọ̀ dúró sí. "Ládépọ̀," ó ní, jẹ́jẹ́, "ṣé o ní nǹkan tó o fẹ́ sọ?"

Gbogbo ènìyàn wò ó. Fóònù tí fọ́tò yẹn wà nínú rẹ̀ wà ní àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń kan itan rẹ̀.

"Rárá, Màmá," ni Ládépọ̀ wí.

Ìyá náà di ṣílè náà mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Ó ní kí Nàfísàt mú òun lọ sílé. Àwọn àgbà ní àwọn yóò parí ọ̀rọ̀ náà ní Sátidé tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti sọ bí yóò ṣe parí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, "ìyá oníṣílè" ni àwọn ènìyàn ń pè é nídìí omi. Ìyá náà kò jáde sí oko. Ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lórí ebè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ládépọ̀ mú fóònù pé kí òun pa fọ́tò yẹn rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló fi í sílẹ̀.

Ní Túsìdé, Nàfísàt gbé aṣọ wá fún Mojí, ó sì sunkún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó lọ tán, Mojí pa ilẹ̀kùn dé.

"Ládépọ̀, owó ilé wa, ibo ló ti wá?"

"Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ ni? Áńpù tí mo..."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

Ládépọ̀ fa fóònù yọ, ó ṣí fọ́tò náà, ó nà án sí i. Mojí wò ó pẹ́.

"Nígbà tí wọ́n ń pè é ní òpùrọ́, ṣé fóònù yìí wà lápò ẹ?"

"Ó wà níbẹ̀."

Mojí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí owó yẹn," ó ní. "Mo se ẹ̀fọ́ ìyá yẹn." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú ọkọ rẹ̀. "Lọ bá wọn. Tó ò bá lọ, èmi máa lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nàfísàt dìde dúró, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà na ọwọ́ dá a dúró.

"Mo ti mọ̀ láti Sátidé," ìyá náà ní. "Ṣílè ọlọ́mọ yẹn. Ọwọ́ mi ti kàn án rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Mo tún rò pé o máa sọ ọ́. Mo bi ẹ́." Ó tún un sọ. "Mo bi ẹ́ lójú gbogbo èrò, Ládépọ̀."

Ojú Ládépọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹ̀gbà bàbá mi dà?"

"Mo ti tà á, Màmá. Wọ́n ti gbé e kúrò nílùú."

"Méjì ló ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, èkejì ẹ̀ sọnù lọ́jọ́ tí ilé wa jóná. Kò tún sí nǹkan tó kan ara bàbá mi mọ́ láyé yìí àfi ìyẹn. Inú mi máa ń dùn pé ó wà níbẹ̀."

Ládépọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fa fóònù yọ, ó ní, "Mo ní fọ́tò ẹ̀, Màmá. Bó ṣe wà nínú ihò."

Ìyá náà na ọwọ́. Nàfísàt mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí ẹja mẹ́ta wà. Àtàǹpàkò ìyá náà lọ síwá, ó lọ sẹ́yìn lórí gíláàsì náà, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tí Ládépọ̀ ti mú wá fún un. Ó ṣe é pẹ́.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ó ní. "Ó kàn ń dán ni." Ó dá fóònù náà padà.

Ní Sátidé, níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ládépọ̀ dúró láàárín, Mojí wà lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi ni mo hú u," ó ní. "Èmi ni mo tà á. Èmi náà ni mo rì ṣílè 1959. Màmá ò purọ́ kankan." Ẹnì kan pè é ní olè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lù ú, Bàbá Ọlájídé lé wọn padà, ó gba fóònù, àwọn àgbà sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀.

"Fọ́tò lásán," ọmọ Alhaji Sàlámì kan wí. "Ta ló mọ ibi tó ti yà á?"

Alhaji Sàlámì gba fóònù náà. Ó fẹ ẹ̀gbà tó lọ́ bí okùn yẹn tóbi, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó dá fóònù padà, ó dìde, ó lọ sílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo ara wọn.

Nígbà tó padà dé, ó tú aṣọ ìnujú kan lórí tábìlì. Ẹ̀gbà idẹ ni, ó lọ́ bí okùn, kò yàtọ̀ sí ti inú fọ́tò rárá.

"Èkejì ẹ̀ nìyí," ó ní. "Bàbá mi kì í bọ́ ọ. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, mi ò fiyè sí i." Ó kọjú sí Ìyá Àwẹ̀ró. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí pèrègún wà ni ààlà."

Ládépọ̀ sọ fún mi pé ojú ti òun nígbà yẹn ju ìgbà tí wọ́n pe òun ní olè lọ. Ká ní Alhaji dákẹ́ ni, ì bá jèrè ilẹ̀. Kò dákẹ́. Òun, Ládépọ̀, ìdákẹ́ ni òun yàn.

Àwọn àgbà ní kí wọ́n rì ẹ̀rí mìíràn. Alhaji Sàlámì gbé ẹ̀gbà bàbá rẹ̀ sínú ihò. Ó ku ti Ìyá Àwẹ̀ró, kò sì ní ohun kankan.

"Ládépọ̀," ìyá náà ní, "gbé ajá ẹ wá."

Ó gbé e wá. Wọ́n já àwo rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá, wọ́n gbé e lé ẹ̀gbà lórí, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ládépọ̀ ló fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ náà le.

Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí. Wọ́n ti kó kúrò nínú ilé yẹn, wọ́n wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní Okokomaiko, ó sì gbé owó ilé tó gbà padà lọ fún ìyá náà, ìyá náà ní kó gbé e lọ fún àwọn àgbà. Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sí oko náà láti bá a túlẹ̀. Ìyá náà kì í lé e. Ó máa ń dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Kí ló máa ń pè ọ́?" mo bi í.

Ládépọ̀ yí kókó rédíò tó wà níwájú rẹ̀, kò tàn án. Ó ní ní Sátidé tó kọjá, òun ní kí Màmá ká ẹ̀fọ́ díẹ̀ fún òun kí òun gbé e lọ fún Mojí. Ìyá náà ká a, ó dì í dáadáa, ó fi kún un pàápàá. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

"Ẹgbẹ̀rún kan náírà," ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Owólabí."